Bàbá Oníbẹ́ẹ̀sì àti Ọ̀rọ̀ Pálọ̀

Ẹ sún mọ́bí díẹ̀, kò yẹ ká máa pariwo ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ lójú títì. Ẹ sì mọ̀ pé n kì í ṣe olófòófó. Ohun tí mo bá rí ni mo máa ń sọ. Èyí tí n kò bá rí, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rí i.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Oníbẹ́ẹ̀sì ni. Orúkọ tí gbogbo bílọ́ọ̀kì wa lẹ́yìn Ripple Road, ní ìlà-oòrùn London níbí, fún un nìyẹn. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò kàn wá. Bọ́ọ̀sì ló ń wà tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ ti kó jáde, owó ìfẹ̀yìntì wọlé, ọwọ́ sì dilẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀: ọkùnrin, owó, ọwọ́ dídilẹ̀. Gbogbo wa ti ń retí ká gbọ́ pé ó ti fẹ́ ẹnì kan sí Ìbàdàn. Àfi bí ẹ̀rọ orin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Sípíkà ló kọ́kọ́ dé. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tówẹ́ẹ̀lì àti ṣájà fóònù ní ọjà East Street, tó ń tan iná pupa, tan iná aró. Àlòkù sípíkà olówó gọbọi ni, méjì, igi ara wọn ń dán, wọ́n ga dé àyà mi, èmi náà ò sì kúrú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé wọn wọlé, líìfù ò ṣiṣẹ́. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé ọ̀kan gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, Bàbá ń tẹ̀ lé wọn, ó ń kígbe pé, "Ẹ rọra! Ẹ má fọwọ́ kan iwájú rẹ̀!" Ìyá ìsàlẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rí àpótí gígùn tí wọ́n fi aṣọ bò, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní, "Yéè! Ta ló kú?"

Èmi àti ìyàwó Bàbá jọ ń yan iṣu lọ́jà ló tó sọ fún mi pé B&W ni, ilé iṣẹ́ kan ní Worthing ló ń ṣe é, pé irú rẹ̀ ni wọ́n ń lò ní Abbey Road. Mo ní, Abbey Road wo? Abbey Road tiwa yìí, tó gba ẹ̀gbẹ́ àwókù lọ sí Town Quay? Ta ló ń kọrin níbẹ̀? Àṣé Abbey Road ti St John's Wood ló ń wí, sítúdíò tí EMI ṣí ní 1931, níbi tí àwọn Beatles ti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Lóòótọ́, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi sípíkà B&W gbọ́ iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé pálọ̀ Bàbá tó yàrá sítúdíò ni?

Abbey Road tiwa náà ní ìtàn o, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Wọ́n ní ọdún 666 ni Erkenwald dá ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tó fi arábìnrin rẹ̀ Ethelburga ṣe olórí wọn. Ọba Henry Kẹjọ tú wọn ká ní 1539. Èyí tó ṣì wà ní ìnàró ni ẹnu ọ̀nà alágogo tí wọ́n ń pè ní Curfew Tower. Agogo ibẹ̀ ló ń sọ fáráàlú lálẹ́ pé kí oníkálukú bo iná rẹ̀, kó lọ sùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret's tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ni Captain Cook ti gbéyàwó ní 1762. Ìyẹn ò kan sípíkà, mo kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni. Àmọ́ ti agogo kàn án. Wọn ò lu agogo fún wa mọ́, òfin ló gba ipò rẹ̀: Noise Act ti 1996 sọ pé láti aago 11 alẹ́ sí aago 7 àárọ̀, ariwo tó bá kọjá ìwọ̀n láti ilé kan bọ́ sí ilé kejì lè di ìtanràn, kánsù sì lè wọlé wá kó ẹ̀rọ lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó yá, ámúpílífáyà. Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan ti sọ fún Bàbá pé kò sí ohùn tó dùn tó ti ámúpílífáyà oníváàfù, èyí tó ní gílóòbù lórí, tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ó bá gbóná. Irọ́ kọ́, ohùn rẹ̀ dùn lóòótọ́, pàápàá ohùn ènìyàn. Bàbá wá ra ọ̀kan, wọ́ọ̀tì 8 péré ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó so ó mọ́ sípíkà gàgàrà wọ̀nyí. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti rí ìgbéyàwó tí ìyàwó ń jẹ odidi àpò ìrẹsì lóṣù, tí owó oṣù ọkọ ò ju kóńgò méjì lọ? Òun náà nìyẹn.

Ọmọkùnrin tó ń bójú tó míksà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lọ́yẹ, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tí wọ́n máa ń bú bí máíkì bá hu, tí ẹnikẹ́ni kì í yìn bí kò bá hu. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yìn sípíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ojú rẹ̀." Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bó ṣe ń tètè dáhùn: tí ẹ bá fún un ní wọ́ọ̀tì 1, tí ẹ dúró sí mítà 1, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mélòó ni ẹ máa gbọ́? Ti Bàbá jẹ́ 86. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ wọ́ọ̀tì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré lẹ máa rí gbà. Láti 1 sí 2, láti 2 sí 4, láti 4 sí 8: ìyẹn jẹ́ 9, ó di 95, agbára sì tán. Ẹ wá sún àga sẹ́yìn dé mítà 3, bí 9 míì tún fẹ́ẹ̀ lọ tán, àfi èyí tí ògiri bá dá padà. Àwọn sípíkà kan wà tí wọ́n ń dáhùn ní 95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wọ́ọ̀tì 1. Àwọn ni wọ́n ṣe ámúpílífáyà kékeré yẹn fún.

Èkejì ni óòmù, ìyẹn ìdènà tí iná ń bá pàdé nínú sípíkà. Bí óòmù bá ṣe ń wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sípíkà ń fa iná sí i lára ámúpílífáyà. Wọ́n kọ 8 sẹ́yìn ti Bàbá, ṣùgbọ́n ìfojúdíwọ̀n ni wọ́n kọ yẹn. Bí bẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ohùn tó rẹlẹ̀, bá dé, ó ń já wá sí 3. Ìgbà tí orin bá nílò agbára jù gan-an ni sípíkà ń béèrè iná jù.

Bàbá ò mọ èyí. Ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Ebenezer Obey sí i, ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀. Gìtá ń dún wẹ́rẹ́, ohùn ń dún, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. Gángan fọhùn, páá! Orí ohùn náà gé. Bàbá yí bọ́tìnnì sókè, ó tún burú sí i. Ọmọ oní-míksà ní bí ó bá tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀, sípíkà kékeré tó wà lókè, tùwítà, ló lè jóná, nítorí ámúpílífáyà tí agbára rẹ̀ ti pin tí wọ́n ṣì ń fipá mú máa ń gé orí ìgbì ohùn, ìgégé yẹn ló sì ń sun tùwítà. Àwa ti rò pé ẹ̀rọ ńlá ló ń ba sípíkà jẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń lò ní ìlò ẹ̀rọ ńlá náà ń bà á jẹ́ dáadáa.

Ṣé ẹ mọ̀ pé òyìnbó àgbègbè yìí ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sípíkà? Ní Dagenham níbí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ilé iṣẹ́ Sterling Telephone and Electric ń ṣe rédíò àti sípíkà oníwo, ṣáájú kí Ford tó wá dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ ní 1931. Ìgbà yẹn, rédíò ò lágbára, ìwo yẹn ló ń bá a mú kí ohùn kékeré kárí yàrá. Wọ́n ti mọ̀ láyé ìgbà náà pé ẹni tí agbára rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ wá sípíkà tó ń tètè dáhùn. Àfi Bàbá tó ń gbé ìrìn bọ́ọ̀sì díẹ̀ síbẹ̀ tí kò bi ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló lọ ra ámúpílífáyà tuntun, wọ́ọ̀tì 200. Ẹni tó tà á fún un (n ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù) tún fi wáyà lé e, wáyà sípíkà tí owó rẹ̀ fẹ́ tó owó ilé oṣù kan. Ìyàwó Bàbá rí rìsíìtì yẹn nínú àpò kóòtù. Èmi ni mo sọ fún un pé kó máa wo inú àpò kóòtù, ṣùgbọ́n nítorí ọ̀rọ̀ míì ni mo ṣe sọ ọ́. Ọmọ oní-míksà rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní fún ibi tí kò jìn ju mítà mẹ́rin lọ, wáyà bàbà lásán tó nípọn tó 2.5 mm² ti tó tán. Owó tó kù, ó dára fún oúnjẹ.

Wọ́ọ̀tì 200 kúrò ní eré. Ìlọ́po 25 ti àkọ́kọ́ ni. Ṣùgbọ́n létí, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 14 ló fi lé e, etí ènìyàn sì máa ń fẹ́ tó bíi 10 kó tó gbà pé ariwo ti di méjì. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́mbà wọ́ọ̀tì ńlá dẹ́rù bà yín. Ohun tí Bàbá rí gbà gan-an ni pé gángan kò gé mọ́. Ó ń dún, ó ń fò jáde. Ámúpílífáyà yìí tún di bẹ́ẹ̀sì mú, kò jẹ́ kí ó máa mì lọ fàlàlà lẹ́yìn tí onígìtá ti gbé ọwọ́ kúrò. Bàbá yọ̀ fún bí ìdajì wákàtí.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá ìsàlẹ̀ fi ìgbálẹ̀ kan àjà. Gọ́ngọ́ngọ́!

Ìyá ìsàlẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń wá ìjà. Ó ní orin kọ́ ló ń dun òun, pé gbogbo orin náà ni òun fẹ́ràn. Ohùn kan ṣoṣo ni. Bí ohùn yẹn bá ti dé nínú bẹ́ẹ̀sì, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù òun á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìgò ògì á máa rìn lórí firíìjì. Bí ó bá kọjá, gbogbo rẹ̀ á parọ́rọ́. Bàbá náà ti ń gbọ́ ọ lókè: bẹ́ẹ̀sì ń dún "dúú" níbì kan, ó pòórá níbòmíì, òun sì rò pé rẹ́kọ́ọ̀dù ló ti bàjẹ́. Ẹni tó ń ta nǹkan tún sọ fún un lórí fóònù pé kó wá ra ámúpílífáyà tó tún tóbi ju ìyẹn lọ.

Ọmọ oní-míksà ni ìyàwó Bàbá pè. Kò mú ẹ̀rọ kankan wá ju téèpù àwọn télọ̀ àti fóònù rẹ̀ lọ. Ó wọn pálọ̀: mítà 3.6 ní gígùn, mítà 3.6 ní fífẹ̀, mítà 2.4 láti ilẹ̀ dé àjà. Ó mí kanlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó mọ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ kò dùn. "Dádì, ilé yìí lẹ ń gbọ́, kì í ṣe Obey."

Ó ní ohùn ń rìn ní bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn pálọ̀ pín in, ìyẹn 7.2, ẹ ó rí nǹkan bí 48. Bí bẹ́ẹ̀sì bá ti kan ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 48 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ó bá pálọ̀ mu géérégé. Á máa fò láti ògiri dé ògiri, kò ní fẹ́ kú. Yàrá gbogbo ló ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gígùn bá yàtọ̀ sí fífẹ̀, wọ́n á pín sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyọnu á fọ́nká. Ti Bàbá, ọgbọọgba ni, gígùn àti fífẹ̀ jọ ń pariwo lórí 48 kan náà. Ògiri kọnkéré ò sì ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kì í gba bẹ́ẹ̀sì sára, ṣe ló ń dá a padà. Sípíkà kò ṣẹ̀, ámúpílífáyà kò ṣẹ̀. Nínú ìgbéyàwó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, pálọ̀ ni ìyá ọkọ, kò sì sí ẹni tó wá a wò kí wọ́n tó san owó orí.

Bàbá ò gbà. Ṣé ọkùnrin tó ti náwó tó bẹ́ẹ̀ á kàn gbà? Ó ní kí wọ́n wá ọgbọ́n sí i. Ọgbọ́n pọ̀ lóòótọ́. Wọ́n fa sípíkà kúrò lára ògiri, nítorí ògiri àti igun ilé máa ń fi kún bẹ́ẹ̀sì. Bẹ́ẹ̀sì dín, àmọ́ kò sí ọ̀nà tí ìyàwó lè gbà dé kíṣìnnì mọ́ àfi kó fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Wọ́n ki ìbọ̀sẹ̀ bọ ihò ẹ̀yìn sípíkà. Wọ́n fi dígí gba ara ògiri kọjá, ẹnì kan dì í mú, Bàbá jókòó. Ibi tó bá ti rí sípíkà nínú dígí ni ohùn ti ń fò lu ògiri kó tó dé etí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́tìnnì tó nípọn sí. Kápẹ́ẹ̀tì wọlé. Ohùn òkè, àwọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti síńbà, wá dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n dùn. Ìyàwó Bàbá, tó ń ta léèsì, ní kí wọ́n kúkú kó gbogbo ẹrù òun sí igun ilé láti gbé bẹ́ẹ̀sì mì. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ìgbì ohùn 48 yẹn gùn ju mítà 7 lọ. Léèsì ò lè dá a dúró." Ó dùn ún, ó jẹ́ léèsì Austria.

Èyí tó gba oókan àyà mi ni ti rírá. Ẹ gbọ́ o. Ọmọ náà ní kí wọ́n gbé wúfà kékeré kan tó yá láti ṣọ́ọ̀ṣì sórí àga tí Bàbá máa ń jókòó sí, kí Bàbá wá máa rá kiri ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ibi tó bá ti gbọ́ tí bẹ́ẹ̀sì ń dún déédéé, ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé wúfà sí tí ó bá yá. Ọgbọ́n gidi ni, àwọn tó mọ iṣẹ́ ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyàwó Bàbá ò mọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé àpò East Street lọ́wọ́, ó rí ọkọ rẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ìdí lókè, etí ní ilẹ̀, wúfà kan jókòó lórí àga olóyè níwájú rẹ̀, ó ń dún "húú, húú." Tòmátò rọ́ sílẹ̀. Ó pè mí kó tó pe pásítọ̀, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ìyẹ̀wù. Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ilé wọn ò nípọn. Àdéhùn tó jáde ni pé sípíkà gàgàrà á lọ. Ọkùnrin kan láti Upminster ló rà á pẹ̀lú wọ́ọ̀tì 200. Pálọ̀ tirẹ̀ gùn tó mítà 7, ó fẹ̀ tó 5. Bàbá bá wọn débẹ̀ láti bá wọn tò ó, ó jókòó gbọ́ ọ. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀rọ òun lè kọrin bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ojú rẹ̀ pupa nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní tíréènì c2c, ó ní afẹ́fẹ́ ni.

Èyí tó wà nílé báyìí, ẹ lè gbé e sábẹ́ apá. LS3/5A ni wọ́n ń pè é. BBC ló ṣe é ní àwọn ọdún 1970 fún inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ gbé ètò síta, níbi tí àyè ò ti tó kí àgbàlagbà méjì na ẹsẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé yàrá há, wọ́n wá ṣe sípíkà sí ìwọ̀n yàrá. Bẹ́ẹ̀sì tó bá rẹlẹ̀ púpọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ pè é. 48 ò jí mọ́. Kì í tètè dáhùn, 83 péré ni, ṣùgbọ́n óòmù ti àtijọ́ jẹ́ 15, kì í fa iná ní àfagbágba. Wọ́n wá fi àlòkù Quad 303 tì í, ámúpílífáyà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Huntingdon ní 1967, wọ́ọ̀tì 45 lórí óòmù 8, bíi 28 lórí 15. Bàbá fa àga sún mọ́ wọn, kò tó mítà 2. Ó tó, ó ṣẹ́kù.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ló tún yí padà. Obey àti Sunny Adé dúró díẹ̀, nítorí gìtá bẹ́ẹ̀sì wọn ń fẹ́ ilé ńlá. Bàbá kó àwọn àpálà àtijọ́ jáde, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó jọ nígbà tó ń kàwé ní London. Àwọn àgbà mọ ibẹ̀: ṣọ́ọ̀bù Stern ní Tottenham Court Road, ilé alátùn-únṣe rédíò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbé rédíò lọ, tó di pé rẹ́kọ́ọ̀dù ilé ni wọ́n tún ń rí rà níbẹ̀. Ní 1983 ni àwọn míì gba orúkọ náà, wọ́n fi ṣí ilé rẹ́kọ́ọ̀dù pọ́nbélé ní Whitfield Street. Àpálà ò ní gìtá bẹ́ẹ̀sì. Agídìgbo ló ń dún nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lókè, ìlù ń sọ̀rọ̀ láàárín, ohùn Haruna Ìṣọ̀lá sì jókòó sí iwájú gbogbo wọn. Nínú sípíkà kékeré yẹn, mo gbọ́ ọ tó mí kó tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Èmi tí mo ti ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn láti kékeré, n ò tíì gbọ́ èémí yẹn rí.

Ìyá ìsàlẹ̀ náà gbọ́, láti ìsàlẹ̀. Kò fi ìgbálẹ̀ kan àjà mọ́, ṣe ló gòkè wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ìlú Haruna gan-an, ibi tó kọ́ sítúdíò Phonodisk sí. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n jókòó gbọ́ orin bàbá wa." Bọ̀dá gbà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o. Láti ìgbà tí Alan Blumlein, ẹnjiníà EMI, ti kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ ohùn olópo méjì ní 1931, ìlànà ò yí padà: sípíkà ọ̀tún àti ti òsì, àga sí àárín, kí jíjìnnà wọn sí etí jẹ́ ọgbọọgba. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ni Haruna á dúró níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, sípíkà kan ló ń gbọ́. Nínú pálọ̀ yẹn, àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Ìyá ìsàlẹ̀ ló sì ń jókòó sí i ní gbogbo Sátidé. Bàbá á nà ró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, á máa mi orí, á ní òun ń gbọ́ ọ dáadáa.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́bọ̀, ó ní kí ni mo rí sí i. Mo ní kó má tíì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Sátidé tó ń bọ̀, èmi náà á gòkè lọ gbọ́ àpálà.